Òwú Funfun Lọ́rùn Ìgò

Assiath ti gbọ́ ohùn tó wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó tún tẹ ohùn náà, ó tún gbé e sétí, bí ẹni pé bí òun bá tún un gbọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á yí padà.

Kò yí padà. Salomé ni, obìnrin ẹlẹ́rìn-ín tó ń ta dẹ̀gẹ̀ ní Savalou.

"Ìyá Raouf, ẹ kú iṣẹ́ o! Mo ti tọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Olówùú funfun ló dùn jù. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe: mo dà á sínú dẹ̀gẹ̀ mi, mo rò ó pọ̀. Háà! Ó dùn dénú eegun. Bàbá mi mu abọ́ méjì lálẹ́ àná, wọ́n ṣì ń béèrè òmíràn. Ẹ̀yin ará inú ẹgbẹ́, ẹ fi wàrà sí tiyín kí ẹ tó sọ̀rọ̀!"

Dẹ̀gẹ̀, ọkà tí wọ́n pò mọ́ wàrà kíkan. Wàrà nínú omi kajú!

"Ẹ̀gbọ́n Oumou!"

Oumou, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jókòó ti ọpọ́n lẹ́yìnkùlé, ó ń fún èso kajú, omi ń kán láti ìgúnpá rẹ̀. Assiath gbé fóònù náà sí i létí. Kò tíì gbọ́ ọ dé ìdajì tó fi ju èso ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Subuhánalláhì! Ṣé kò mọ̀ pé kajú ni?"

Assiath gba fóònù padà, ó ń wá nọ́ńbà Salomé.

"Assiath, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé o ò sọ fún wọn ni?"

Ẹ gbọ́, ta ni kò mọ̀ ọ́n ní gbogbo Bantè, láti Gouka títí dé Agoua? Ọmọ tí kò tíì pa eyín dà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá jẹ kajú kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan wàrà lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá mu wàrà kò gbọdọ̀ ṣa èso nídìí kajú. Wọ́n ní ó ń pani. Wọ́n ní ọkùnrin kan wà tó pa méjèèjì pọ̀, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. A kì í dárúkọ rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ bó ṣe kú. Nígbà tí Assiath wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ ti fi ìka ki í lọ́fun rí nítorí pé ó mu wàrà tán tó tún ń lá ọwọ́ tó fi mú kajú. Títí di òní, bó bá ti gbọ́ kajú àti wàrà nínú gbólóhùn kan, ìka ìyá rẹ̀ ló máa ń rántí.

Nítorí náà, bí Salomé bá mọ̀ pé kajú ni, kò ní dán an wò. Kò mọ̀ ni. Kò sì mọ̀ nítorí pé Assiath mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Lọ́dọọdún tí kajú bá ti pọ́n, kóró nìkan ni àwọn oníṣòwò ń bá wá sí Bantè. Èso á máa jẹrà nídìí igi, eṣinṣin á bò ó. Ó dun Assiath. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, ó ń sè é, ó ń rọ ọ́ sínú ìgò, ó ń gbé e sétí títì. Àwọn èrò ọkọ̀ á yọrí, wọ́n á bi í pé kí ni. Bó bá ti ní omi kajú ni, wọ́n á yínmú. "Kajú tó ń gún ọ̀fun yẹn?" Ọjà kò tà. Ó wá rántí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó gbé ohùn sórí Wásáàpù, ó bẹ ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ pé kó bá òun dá sí i: kí ni kí òun ṣe sí omi yìí kó lè dùn lẹ́nu gbogbo ènìyàn?

Ohùn náà rìn ju bó ṣe rò lọ. Atokoligbé dáhùn, Gouka dáhùn, àwọn ọmọ Bantè tó wà ní Cotonou dáhùn. Ẹnì kan ní kó fi atalẹ̀ sí i. Ẹnì kan ní ọsàn wẹ́wẹ́ ló yẹ ẹ́. Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ló kọ́ ọ láti Parakou bí wọ́n ṣe ń fi omi ìrẹsì sísè fa ohun tó ń gún ọ̀fun kúrò nínú rẹ̀. Ìyẹn ṣiṣẹ́ ìyanu, òórùn kajú gan-an pòórá. Assiath wá ṣe oríṣi mẹ́ta: ó so òwú pupa mọ́ ọrùn alátalẹ̀, ó so dúdú mọ́ ọlọ́sàn, ó so funfun mọ́ èyí tí kò fi nǹkan kan sí. Àwọn tó máa tọ́ ọ wò ló kù, àwọn tó máa sọ èyí tó máa fi gbogbo àkókò kajú yìí ṣe.

Ìgbà náà ni Hamidou, aránṣọ kan nínú àwọn olùdámọ̀ràn, sọ̀rọ̀ tó dà bí ọgbọ́n. Ó ní, "Má sọ fún àwọn atọ́wò pé kajú ni o. Bí wọ́n bá ti gbọ́ kajú, wọ́n á ti fajú ro kó tó dé ahọ́n wọn. Jẹ́ kí ẹnu wọn sọ òtítọ́." Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i, Assiath náà fọwọ́ sí i. Ó dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ lórí Wásáàpù fún àwọn atọ́wò, ó pín ìgò fún wọn, ó ní omi èso lásán ni. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n kó jọ, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rántí wàrà.

Lẹ́yìnkùlé náà, ó pe Salomé. Obìnrin elédè Faransé inú fóònù sọ fún un pé kò sí lórí ìlà. Ó tún pè é. Obìnrin náà tún sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn.

"Baba arúgbó ni, Ẹ̀gbọ́n," ni Assiath wí. "Baba arúgbó. Abọ́ méjì."

"Gbé ohùn sí gbogbo wọn kí o tó lọ. Sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn."

"Mo máa ṣe é lọ́nà," ni Assiath wí, ó ti ń wọ bàtà lódì.

Moucharafou onísẹ́mì ló gbé e, ọmọ àdúgbò tó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ọ̀nà Savalou dán, kajú wà lápá ọ̀tún, kajú wà lápá òsì, èso pupa àti èso yẹ́lò kún ilẹ̀ bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́ wọn sílẹ̀ dè é. Assiath di ẹ̀wù Moucharafou mú. Àyà rẹ̀ ń já pì, pì, ó sì ń rò pé ọkùnrin náà á máa gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń rí àwọn ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ń rí àwòrán ara rẹ̀ lórí fóònù gbogbo ayé, òun nìyí, obìnrin Bantè tó fi omi pa ènìyàn. Raouf ọmọ rẹ̀ á gbọ́ ọ nílé ìwé. Ètè rẹ̀ ń mì, àdúrà kan náà ló ń bọ́ níbẹ̀ láìdúró: Yá Allah, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mọ̀. Yá Allah, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe Salomé. Fataou ni, àgbẹ̀ kan ní Agoua tó gba ìgò tirẹ̀ lọ́jọ́ ọjà.

"Ìyá Raouf, ìyàwó mi ti lọ gba wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Ṣé ká dà á sí olówùú funfun bí Salomé ṣe wí?"

"Dúró! Moucharafou, jọ̀ọ́ dúró!"

Alùpùpù dúró. Abẹ́ igi kajú náà ni, ibò ni ì bá tún jẹ́? Assiath sọ̀kalẹ̀, ó tẹ fóònù, ó gbé e sí ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ọmọdé lè sọ ọ́. Kò sọ ọ́. Bó bá sọ ọ́, gbogbo wọn á mọ̀ pé òun fún wọn ní kajú láìsọ, ta ni yóò tún ra ohunkóhun lọ́wọ́ òun? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀ kò ṣeé kó.

"Ẹ̀yin ará mi," ni ohùn rẹ̀ wí níkẹyìn, "olówùú funfun ti kan. Kí ẹnikẹ́ni má mu ún mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù."

Ó gbé ìka kúrò. Ohùn lọ.

"Ṣé àìsàn ló ń ṣe ẹni tí ẹ ń lọ kí ni?" Moucharafou bi í.

"Mi ò mọ̀," ni Assiath wí. "Jẹ́ ká máa lọ."

Àwọn òkè olókùúta Savalou yọ. Wọ́n yà kúrò lórí títì, wọ́n gba ojú ọ̀nà erùpẹ̀ lọ sí ilé Salomé, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun. Wọ́n ṣẹ́ kọ́nà báyìí, ó sì rí ilé náà.

Èrò kún iwájú ilé náà. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀, ẹsẹ̀ wọn sì wà lásán. Obìnrin kan ń fi etí aṣọ nu ojú.

Assiath sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù.  Ó ti ṣẹlẹ̀. Baba ti kú, wọ́n ti wá kí Salomé. Ọkàn kan sọ fún un pé kó ní kí Moucharafou yí padà báyìí báyìí, kò sẹ́ni tó tíì rí i. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká mọ ohun tí ì bá ṣe, nítorí èèyàn ti rí i.

"Ìyá Raouf!" Salomé já àárín èrò jáde, aṣọ funfun lọ́rùn, ìpọnmi lọ́wọ́, eyín rẹ̀ ń tàn. "Ẹ̀yin náà dé? Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wo ènìyàn! Mo ní kí n má dá adùn jẹ. Bí a ṣe parí àdúrà òwúrọ̀, mo gbé ìkòkò jáde. Gbogbo ìjọ ló tọ́ ọ wò!"

Gbogbo ìjọ.

"Mo pè yín, mo pè yín..."

"Iná ti lọ láti àná. Mo rán ohùn yẹn tán báyìí, fóònù mi kú."

Ọ̀rọ̀ "kú" yẹn gba Assiath láyà. "Baba ńkọ́?"

"Àwọn rèé."

Lóòótọ́, Baba Abdias ni, lórí àga gbọọrọ lábẹ́ igi, abọ́ lórí itan, wàrà lára irùngbọ̀n. Wọ́n ń fi èdè Mahi bá ọkùnrin kan jiyàn. Bí wọ́n ṣe rí Assiath, wọ́n yí èdè padà. "Ìyá Raouf, ẹ wá bá wa dá ẹjọ́ yìí. Èmi ní àgbálùmọ̀ ni. Eléyìí ní máńgòrò ni. Kí lẹ fi ṣe é gan-an?"

Gbogbo ojú yí sí i.

Ká má purọ́, máńgòrò ti dé ẹnu rẹ̀. Ó kù kó sọ ọ́ jáde. Máńgòrò kì í pa ènìyàn. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní dẹ̀gẹ̀ Salomé ló ti bàjẹ́. Wọ́n á wá Salomé lọ, wọn ò ní wá òun. Ó rí i kedere, bó ṣe máa rí, ìdùnnú kékeré kan sì ta á láyà kí ẹ̀rù tó tún bò ó.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, aboyún kan, Abigaïl àbúrò Salomé, gbé abọ́ tirẹ̀ sókè láti mu ìyókù.

"Má mu ún!" Assiath fò síwájú, ó gbá abọ́ náà dànù. Wàrà ta sí aṣọ funfun, ó ta sí ilẹ̀. "Ẹ má mu ún mọ́! Kajú ni! Omi kajú ni!"

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu wọn kò rí ibi lọ.  Lẹ́yìn náà ni wọ́n figbe ta. "Jésù!" "Kajú kẹ̀?" "Epo pupa! Ẹ wá epo pupa!" Ọkùnrin kan sáré lọ sẹ́yìn ògiri, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń fi tipátipá bì. Ìyá kan ń tẹ ikùn àwọn ọmọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń jiyàn máńgòrò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní inú òun ti ń yí, òun ti mọ̀ láti ìgbà tó ti ń yí. Ẹnì kan gun alùpùpù lọ sí ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan rántí. "Baba ńkọ́? Láti àná ni Baba ti mu ún!"

Gbogbo ìjọ yíjú sí Baba Abdias. Baba gbé abọ́ wọn kalẹ̀ jẹ́jẹ́.  Wọ́n wo ikùn wọn bí ẹni ń wo àlejò.

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbí," ni wọ́n wí. "Bó bá máa pa mí, kó bá mi níbi tí atẹ́gùn wà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó yí Baba ká, wọ́n ń wo ojú Baba, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ Baba. Alálùpùpù dé láti ilé ìwòsàn. Ó ní dókítà sọ pé òun ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, òun kò tíì rí òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn tó mu ún, bí ẹnikẹ́ni bá yí padà kí wọ́n gbé e wá kíá. Ọ̀rọ̀ náà kò mú ẹnikẹ́ni dìde. Ohun tí ìyá ẹni sọ kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ dókítà pa rẹ́ lọ́sàn-án kan.

Salomé nìkan ni kò tíì jókòó. Ó wá dúró níwájú Assiath.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o gbé e fún mi láìsọ."

"Ẹ̀rù bà mí pé bí ẹ bá gbọ́ kajú, ẹ ò ní fi ẹnu kàn án."

"Ẹ̀rù ọjà rẹ." Salomé ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Wo bàbá mi."

Wọ́n pe ìrun ọ̀sán ní mọ́sálásí tó wà lókè. Assiath bu omi, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó tẹ́ ìborùn rẹ̀. Nígbà tó forí kanlẹ̀, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, bó ṣe ti ń ṣe é bọ̀ láti Bantè: Yá Allah, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ó dákẹ́. Iwájú orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ilẹ̀ náà gbóná. Wọ́n ti mọ̀, àdúrà náà kò sì wúlò mọ́. Òun ló tún wá ń gbọ́ ọ báyìí, bí ẹni ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn rán. Láti ìgbà tó ti gun alùpùpù, nínú gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀, kò bẹ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí arúgbó náà yè.

Nígbà tó padà wá síwájú ilé, oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bì ti ń mu omi. Àwọn ọmọdé ti gbàgbé ẹ̀rù, wọ́n ń ṣeré nínú ọ̀gbàrá wàrà tó dà sílẹ̀. Lójijì, ikùn Baba Abdias kùn, gbogbo ènìyàn ló gbọ́ ọ, gbogbo ènìyàn ló dìde. Baba gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́. Baba tẹ́tí sí ikùn wọn.

"Ebi ni," ni wọ́n wí.

Abigaïl bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà. Àwọn obìnrin sáré lọ wá iyán. "Ṣùgbọ́n kí ẹ rọra wò ó," ni Baba ké tẹ̀ lé wọn, "kí ó má ní wàrà nínú!"

Assiath ò lè rẹ́rìn-ín. Fóònù rẹ̀ ti gbọ̀n. Fataou ni.

"Ìyá Raouf, ẹ má bínú o. Ìyàwó mi ní òun ò lè da ohun dídùn nù nítorí pé ó kan díẹ̀. Wàrà gan-an kíkan ni. Ó ti mu ún."

Ẹ wo irọ́ bó ṣe ń rìn. Ó fi irọ́ dí ọ̀nà, irọ́ náà ló sì gba ibẹ̀ kọjá lọ bá obìnrin náà. Ẹ̀rù tó bà á láàárọ̀ kò tó èyí. Ó gbé fóònù sí ẹnu níwájú gbogbo wọn, níwájú Salomé.

"Èmi Assiath ni, ní Bantè. Omi tí mo fún yín, kajú ni. Pupa, dúdú, funfun, kajú ni gbogbo rẹ̀. Mo purọ́ pé ó kan. Ẹni tí kò bá tíì fi wàrà mu ún, kó má fi mu ún. Ẹni tó bá ti fi mu ún, kó sọ ibi tó wà fún mi. Mo ń bọ̀."

Ó gbé ìka kúrò. Ohùn lọ, kò sì sí bó ṣe lè pè é padà. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú fóònù, ẹni kan tẹ̀ lé ẹni kan. Ó mọ ohun tó wà nínú púpọ̀ nínú wọn kó tó tẹ̀ wọ́n.

"Moucharafou, ṣé epo rẹ á gbé wa dé Agoua?"

"Agoua kẹ̀? A máa gba Bantè kọjá, ká tún wọ ọ̀nà erùpẹ̀."

"Jẹ́ ká lọ."

Salomé sìn ín dé ibi alùpùpù. Kò dì mọ́ ọn, kò sì lé e. "Màá yá fóònù," ni ó wí. "Bí Bàbá mi bá jí lọ́la, màá pè ọ́. Bí wọn ò bá jí, màá pè ọ́ náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Assiath wí.

Kajú tún wà lápá ọ̀tún, kajú tún wà lápá òsì. Àyà rẹ̀ ń já bó ṣe ń já nígbà tó ń lọ, ó tilẹ̀ le sí i. Ètè rẹ̀ ń wá àdúrà. Ó bẹ̀rẹ̀, "Yá Allah, ìyàwó Fataou..." ó sì dúró, nítorí kò mọ orúkọ obìnrin náà. Obìnrin náà mọ orúkọ tirẹ̀. Ó mu omi ọwọ́ rẹ̀, ó ní ohun dídùn ni, òun ò lè dà á nù.

Ó gbé fóònù sí ẹnu láàárín atẹ́gùn. "Fataou, ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ ìyàwó yín?"

Wọ́n ti kọjá abẹ́ igi àárọ̀ yẹn kí èsì tó dé.

"Ismath ni. Kí ló dé?"

Assiath di ẹ̀wù Moucharafou mú, ó di ojú. "Yá Allah," ni ó wí, "Ismath."